Hítà mọ́tò mi ń rùn: ṣé ó ti bu ni, àbí kúláǹtì ló ń jò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ọ̀gá mi, àbúrò yín ni mí. Ọkọ̀ àlòkù kan ni mo rà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é, ẹńjìn ẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti tan hítà báyìí, òórùn kan á rọ́ jáde bí aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú báàgì fún ọ̀sẹ̀ kan, tó bá wá yá, òórùn míì á tún máa bọ̀, bíi ti ṣúgà tí wọ́n yọ́ lórí iná. Mo ti fi pafúùmù mẹ́ta kọ́ sínú ẹ̀, mo ti fọ́n sípíréè sínú gbogbo ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ńṣe ló tún burú sí i. Gíláàsì iwájú máa ń ṣú, kápẹ́ẹ̀tì ọ̀dọ̀ pasẹ́ńjà náà máa ń tutù. Ìyàwó mi ti ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, mo kí ẹ o, bá mi kí ìyàwó ẹ náà, kó o sì sọ fún un pé imú ẹ̀ ò parọ́. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kó o já pafúùmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kúrò nínú mọ́tò lónìí, mi ò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Òórùn yìí gan-an ni ẹ̀rí tá a ní lọ́wọ́, òun ló máa sọ ibi tí wàhálà wà fún wa, ìwọ wá lọ fi nǹkan míì bò ó mọ́lẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n mọ́? Mo ti bá ọkọ̀ pàdé tí wọ́n ti fọ́n nǹkan sí débi pé èmi tí mo ń fi imú jẹun ò mọ̀ bóyá ọ́ìlì ló ń jó ni àbí òdòdó ló ń tanná níbẹ̀. Ṣí gbogbo wíńdò sílẹ̀, jẹ́ kó fẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, lẹ́yìn ìyẹn ká wá bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ n sáré sọ bí hítà ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, torí tí ò bá yé ẹ, wọ́n á kàn máa tú ọkọ̀ ẹ palẹ̀ lásán ni. Hítà ọkọ̀ tó ń lo epo kì í sábà ní iná tara ẹ̀, ooru ẹńjìn ló ń yá lò. Kúláǹtì, ìyẹn omi aláwọ̀ tó ń yí po inú ẹńjìn kó má bàa gbóná jù, tí òun fúnra ẹ̀ máa ń gbóná tó nǹkan bíi 90°C tí ọkọ̀ bá ti rìn dáadáa, díẹ̀ nínú ẹ̀ ló máa ń gba inú họ́ọ̀sì méjì kan kọjá lára ògiri irin tó pín ẹńjìn àti inú ọkọ̀ níyà, á wá wọ inú rédíétọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Rédíétọ̀ kékeré yẹn là ń pè ní hítà kọ́ọ̀. Fáànù á fẹ́ atẹ́gùn gba ara ẹ̀, atẹ́gùn á gbóná, á jáde sí ẹ lójú àti lẹ́sẹ̀. Ibi tí atẹ́gùn yẹn ti ń wọlé láti ìta sì ni ihò tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà ti yọrí, ibẹ̀ náà ni ewé àti ìdọ̀tí máa ń kó sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rèé: inú àpótí kan náà ni kọ́ìlì éésì, ìyẹn irin tó ń mú atẹ́gùn tutù, wà, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ iwájú hítà kọ́ọ̀ ló sì wà, ìyẹn ni pé atẹ́gùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ara kọ́ìlì éésì kó tó dé ibi tó ti máa gbóná, ìbáà ṣe pé o ò tan éésì rárá. Nítorí náà tí kọ́ìlì éésì bá ti dọ̀tí, hítà ló máa gba ẹ̀bi ẹ̀. Àwọn èèyàn á máa sọ pé "àkókò òtútù ni, mi ò lo éésì láti oṣù mẹ́ta," wọn ò mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tó o bá ti yí i sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí gíláàsì iwájú kí ìrì ibẹ̀ lè lọ, ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń tan éésì láìsọ fún ẹ, torí éésì ló ń fa omi kúrò nínú atẹ́gùn.

Ó dáa, ká dán nǹkan wò. Bọ́tìnnì kan wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ tí wọ́n ya ọkọ̀ kékeré sí, ọfà kan sì ń yí po nínú ọkọ̀ náà. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ò ní fa atẹ́gùn ìta mọ́, atẹ́gùn inú ọkọ̀ ló máa máa yí po. Gbé ọkọ̀ sí gbangba ìta, má ṣe é nínú gáréèjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ o, jẹ́ kí ẹńjìn gbóná, yí hítà sí gbígbóná pátápátá, fáànù sí àárín, pa bọ́tìnnì yẹn kí atẹ́gùn máa wá láti ìta. Jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, máa gbóòórùn ẹ̀. Wá tẹ bọ́tìnnì náà, kó o tún jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta míì. Tí òórùn bá ń dín kù, ìta tàbí abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá. Tí kò bá yí padà, tàbí tó tún ń le sí i, á jẹ́ pé inú àpótí yẹn ló wà, tàbí inú ọkọ̀ fúnra ẹ̀.

Kó o tún fiyè sí àsìkò tó ń rùn. Èyí tó bá rùn gan-an ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó wá ń rọlẹ̀, ebu ni tàbí eruku. Èyí tí kò sí níbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ tó wá ń yọ jáde bí ẹńjìn ṣe ń gbóná, kúláǹtì ni tàbí ọ́ìlì. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tó o bá dúró nínú gosíló nìkan lo máa ń gbọ́ ọ, tó o bá sì ti ń sáré kò sí mọ́, abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì ni kó o lọ wò. Ní tìẹ, gẹ́gẹ́ bó o ṣe sọ ọ́, aṣọ tútù ló kọ́kọ́ ń wá, ṣúgà ló ń tẹ̀lé e. Nǹkan méjì lo ní lọ́wọ́, àbúrò, ìdí nìyẹn tí sípíréè ò fi ran ìkankan nínú wọn.

Ká mú ti ṣúgà ná, torí òun ló lè dá ẹ dúró lójú ọ̀nà. Ethylene glycol tó wà nínú ọ̀pọ̀ kúláǹtì ló ń fún un ní òórùn dídùn yẹn, májèlé sì ni, má fi ẹnu kàn án láti fi mọ̀ bóyá òun ni, mo mọ àwọn mẹkáníìkì àtijọ́ tó máa ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ìwà òmùgọ̀ gbáà ni. Ajá àti ológbò máa ń lá a torí pé ó dùn, díẹ̀ tó ta sílẹ̀ báyìí ti tó láti pa wọ́n, nítorí náà èyíkéyìí tó bá kán sílẹ̀, nù ún, èyí tó o bá sì fà jáde nínú ọkọ̀, rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí.

Mú tíṣù funfun. Gbé kápẹ́ẹ̀tì ọ̀dọ̀ pasẹ́ńjà sókè díẹ̀ lápá iwájú pátápátá, níbi tí orí bàtà pasẹ́ńjà ti máa ń kan ògiri, kó o tẹ tíṣù náà mọ́ ibi tó tutù, kó o kà á tó bíi ogún kó o tó gbé e. Lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà kó o wò ó. Tó bá jẹ́ omi lásán, tíṣù á tutù, kò ní ní àwọ̀ ju ìdọ̀tí kápẹ́ẹ̀tì lọ. Tó bá jẹ́ kúláǹtì, wàá rí àwọ̀ ewé níbẹ̀, tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, tàbí búlúù, èyí tó bá ṣáà ti bá èyí tó wà nínú ike kúláǹtì ẹ lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì mu. Wá fi ìka méjì rà á. Omi á gbẹ mọ́ ẹ lọ́wọ́, kúláǹtì á máa yọ̀ bí ọṣẹ tí wọn ò ṣàn dáadáa, kò sì ní tètè gbẹ. Lọ fọwọ́ ẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn lọ sídìí gíláàsì iwájú, fi ìka ẹ fa ìlà kan láti inú. Ìrì lásán á di omi, á sì tètè lọ tí éésì bá ti fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí kúláǹtì bá ń jò nínú hítà kọ́ọ̀, ooru ló ń gbé e jáde bí èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ìka ẹ á fi ojú ọ̀nà kan tó ń dán bí ọ̀rá sílẹ̀, tó o bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún ńṣe lo máa kàn máa pín in káàkiri, tí iná mọ́tò tó ń bọ̀ bá wá tàn sí i lálẹ́ o ò ní rí nǹkan kan. Mi ò fẹ́ kó o máa wa ọkọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú gíláàsì bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, lówùúrọ̀ kí ẹńjìn tó gbóná, wo ìwọ̀n kúláǹtì nínú ike ẹ̀, lẹ téèpù kékeré kan mọ́ ara ike náà níbi tó dé, kó o tún wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ keje. Tó bá ti lọ sílẹ̀ tí o ò sì rí nǹkan kan nílẹ̀ níbi tó o máa ń gbé ọkọ̀ sí, inú ọkọ̀ ló ṣeé ṣe kó máa jò sí, àfi tí ẹńjìn fúnra ẹ̀ bá ń mu ún, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ míì. Ìdérí rédíétọ̀ kọ́ o, tí ẹńjìn bá gbóná má fọwọ́ kàn án, omi inú ẹ̀ wà lábẹ́ pírẹ́ṣọ̀, á fọ́n sí ẹ lójú kó o tó mọ̀ pé o ti ṣí i.

Tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́rìí sí kúláǹtì, má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó ń ṣe bí ọ̀gá, wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá, ó ń rùn bíi tìẹ yìí, kápẹ́ẹ̀tì tutù, ojú ẹsẹ̀ ni mo ti dájọ́ pé hítà kọ́ọ̀ ti lu. Mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo tú sítíárìn, ọjọ́ kan àti àbọ̀ gbáko, agolo mẹ́ta ló kún fún súkúrù. Mo yọ kọ́ọ̀ jáde, mo ki í sínú omi, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò yọ ìfófò kan ṣoṣo. Kílíǹpù tó di họ́ọ̀sì mú ni ó ti dẹ̀! Ibi tó jẹ́ pé tí mo bá dọ̀bálẹ̀ sọ́dọ̀ pasẹ́ńjà tí mo na ọwọ́ wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, súkúrúdíráfà kan ì bá ti fún un láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo tò ó padà, súkúrù mẹ́rin ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́, títí dòní mi ò mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Nítorí náà, họ́ọ̀sì àti kílíǹpù lo kọ́kọ́ máa wò, lápá ẹńjìn àti lápá inú ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí mẹkáníìkì ẹ lo pọ́ńpù kékeré tí wọ́n máa ń dè mọ́ orí rédíétọ̀ láti fi dán an wò, á fún un ní pírẹ́ṣọ̀ tí wọ́n kọ sára ìdérí rédíétọ̀ náà, kó má kọjá bẹ́ẹ̀, kó fi sílẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 15. Tí abẹ́rẹ́ ojú pọ́ńpù náà bá ń wálẹ̀ tí ìta ò sì tutù níbì kankan, ó ṣeé ṣe gan-an pé kọ́ọ̀ ló lu lóòótọ́. Iṣẹ́ ńlá ni pípààrọ̀ ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, mi ò ní purọ́ fún ẹ, òun fúnra ẹ̀ lè má wọ́n, wákàtí tí wọ́n máa fi dé ìdí ẹ̀ ni owó wà. Tí kò bá tíì sí owó, wọ́n lè so họ́ọ̀sì méjèèjì pọ̀ lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì kí kúláǹtì má dé inú ọkọ̀ mọ́, ọkọ̀ á máa rìn, òórùn á dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kò ní sí hítà, ìrì gíláàsì náà ò ní tètè lọ, torí náà kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ọdún kan níbi tó bá ti tutù.

Ti oògùn tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ pé á bá èèyàn dí ihò ńkọ́? Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ihò tó ń jò àti páìpù tóóró tó yẹ kí omi máa gbà kọjá, hítà kọ́ọ̀ ló sì ní páìpù tó tín-ín-rín jù. Mo ti rí àwọn tó dà á, jíjò náà dáwọ́ dúró lóòótọ́, hítà náà sì dẹ́kun gbígbóná. Ohun tó sábà máa ń jẹ kọ́ọ̀ láti inú ni kúláǹtì tó ti pẹ́ jù, tí èròjà tó ń dènà ìpẹtà nínú ẹ̀ ti tán, tàbí omi ẹ̀rọ lásán tí wọ́n ń bù sí i lọ́dọọdún. Tí wọ́n bá ti tún un ṣe tán, kí wọ́n fọ gbogbo ẹ̀, kí wọ́n da èyí tí ìwé ọkọ̀ ẹ sọ sí i, ìdajì kúláǹtì sí ìdajì omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ ilẹ̀ kúrò nínú ẹ̀, àdàlú yẹn kì í dì títí yóò fi tutù tó bíi -37°C. Má ro àwọ̀ pọ̀ mọ́ àwọ̀ o, kì í ṣe gbogbo oríṣi ló bá ara wọn mu.

Ó ku ti aṣọ tútù. Tí éésì bá ń ṣiṣẹ́, omi máa ń ṣẹ̀ sára kọ́ìlì ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣẹ̀ sára kọ́ọ̀bù tí yìnyín wà nínú ẹ̀, ó yẹ kó máa kán gba inú rọ́bà kékeré kan jáde sábẹ́ ọkọ̀. Tí eruku àti ewé bá wá bá a níbẹ̀, nínú òkùnkùn, ebu àti kòkòrò àìfojúrí á fi ibẹ̀ ṣelé, àwọn ló ń rùn. Tí rọ́bà yẹn bá tún dí, omi á kún, á sì ya sínú ọkọ̀, ibi tó sì sábà máa ń ya sí náà ni kápẹ́ẹ̀tì ọ̀dọ̀ pasẹ́ńjà. Ṣé o ti rí i báyìí pé kápẹ́ẹ̀tì kan náà lè tutù lọ́nà méjì? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ ẹ́ lẹ́nu lórí tíṣù. Ojú ọjọ́ tó bá móoru tó sì lọ́rinrin, tan éésì fún ìṣẹ́jú ogún kó o wo abẹ́ ọkọ̀. Tí omi ò bá kán, rọ́bà ti dí, wáyà rírọ̀ kan tàbí atẹ́gùn pọ́ńpù tí kò le jù láti ìsàlẹ̀ á là á, ṣùgbọ́n má gbé ojú ẹ sábẹ́ ẹ̀ tààrà, omi tó máa tú jáde yẹn, á rùn!

Lẹ́yìn ìyẹn, fíltà tó ń sẹ́ atẹ́gùn tó ń wọ inú ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn àpótí tí à ń kó ìwé ọkọ̀ sí níwájú pasẹ́ńjà ló wà, o lè yọ ọ́ fúnra ẹ láìlo irinṣẹ́ kankan. Fà á jáde jẹ́jẹ́ kí ìdọ̀tí má bàa já sínú fáànù. Mo ti fa èyí tó ti dúdú bí èédú jáde rí, tí ewé jíjẹrà nípọn lórí ẹ̀ tó ìka mi, onímọ́tò ò mọ̀ pé nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ọkọ̀ òun láti ọdún mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tàbí bíi 15,000 sí 20,000 kìlómítà ni kó o máa pààrọ̀ ẹ̀, tó o bá rí èyí tí wọ́n fi èédú sí nínú, òun ni kó o rà, ó máa ń mú òórùn. Wo ọfà tí wọ́n yà sára ẹ̀ kó o tó ki í wọlé, ó ní ibi tó yẹ kó kọjú sí. Àwọn ọkọ̀ àlòkù kan wà tí ojúlé fíltà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣófo, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ yọ ọ́ kò sì dá a padà, nítorí náà yẹ tìẹ wò.

Má tíì fi fíltà tuntun sí i. Ra fọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún fífọ kọ́ìlì éésì ọkọ̀, èyí tó ní rọ́bà gígùn lẹ́nu. Pa ẹńjìn, pa fáànù, ti rọ́bà náà wọlé títí á fi súnmọ́ kọ́ìlì, láti ojúlé fíltà tàbí láti ìsàlẹ̀ gba inú rọ́bà omi, ohun tí wọ́n kọ sára agolo ni kó o tẹ̀lé, kó o sì ṣọ́ra kó má bàa lọ sára mọ́tọ̀ fáànù àti wáyà. Fọ́n ọn tán, jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 20. Fọ́ọ̀mù á yọ́ di omi, á máa kán jáde sábẹ́ ọkọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó o bá ṣe é omi yẹn á dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ agbada. Wá tan ẹńjìn, hítà gbígbóná pátápátá, fáànù pátápátá, éésì ní pípa, gbogbo wíńdò ní ṣíṣí, jẹ́ kó fẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó lè gbẹ, ìwọ má jókòó sínú ẹ̀. Ìgbà yẹn ni fíltà tuntun máa wọlé. Má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kó o da bílíìṣì sínú ihò atẹ́gùn, irin kọ́ìlì yẹn fúyẹ́, bílíìṣì á jẹ ẹ́, èéfín ẹ̀ á sì wọ ẹ lẹ́dọ̀fóóró. Tó o bá ti wá fọ̀ ọ́ tán, máa pa éésì ní bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kó o tó dé ibi tó ò ń lọ, kó o jẹ́ kí fáànù nìkan máa fẹ́ kí kọ́ìlì lè gbẹ, má sì fi bọ́tìnnì ọlọ́fà yẹn sílẹ̀ ní títẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Àwọn òórùn míì tí kì í ṣe tìẹ, jẹ́ n yára mẹ́nu bà wọ́n torí àwọn tó máa ka èyí. Eruku tó jó díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó o tan hítà lẹ́yìn oṣù púpọ̀, á lọ fúnra ẹ̀. Ọ́ìlì tó jó nígbà tó o bá dúró nínú gosíló, gáskẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìdérí orí ẹńjìn ló sábà máa ń jẹ́, ọ́ìlì ń kán sára irin ẹ́sọ́ọ̀sì tó gbóná, òórùn ẹ̀ ń gba ìsàlẹ̀ gíláàsì wọlé. Ike tàbí wáyà tó ń jó, pa fáànù lójú ẹsẹ̀, má tún un tàn títí wọ́n á fi yẹ mọ́tọ̀ fáànù àti résísítọ̀ ẹ̀ tó ń pinnu bó ṣe ń yára tó wò, torí nígbà míì ewé gbígbẹ kan ló lẹ̀ mọ́ résísítọ̀ gbígbóná yẹn. Ẹyin jíjẹrà, ó lè jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹ́sọ́ọ̀sì, ó sì lè jẹ́ bátìrì ló ń gba iná ju agbára ẹ̀ lọ, fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹńjìn bá ń ṣiṣẹ́, tó bá ti kọjá 15 fóòtì (volt), gbé e lọ kí wọ́n wò ó, má sì tan iná síbẹ̀. Òórùn epo pẹtiróòlù, pa ọkọ̀, jáde nínú ẹ̀, má wulẹ̀ rò ó.

Èéfín ẹ́sọ́ọ̀sì nínú ọkọ̀ náà ò gba eré. Gáàsì tó ń pani nínú ẹ̀, carbon monoxide, kò ní òórùn rárá, èéfín yòókù tó bá a rìn lò ń gbọ́, torí náà tí orí bá ń fọ́ ẹ tàbí tí òòyì ń kọ́ ẹ nínú ọkọ̀ tára ẹ sì ń yá tó o bá ti jáde, má ní ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ọkọ̀ Volkswagen Beetle àtijọ́ tí wọn kì í fi omi tu ẹńjìn ẹ̀, ara ẹ́sọ́ọ̀sì gan-an ni hítà ẹ̀ ti ń mú ooru, tí irin ibẹ̀ bá jẹrà, èéfín ló máa ń fẹ́ sí onímọ́tò.

Àti eku. Eku fẹ́ràn inú àpótí fáànù torí ibẹ̀ móoru, fíltà ni wọ́n ń fà ya fi ṣe ibùsùn, ọ̀kan á sì kú síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Òórùn yẹn, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ ọ́n. Tó o bá rí ìgbẹ́ eku lórí fíltà, má fẹ́ ẹ, má sì fi ẹ̀rọ fà á ní gbígbẹ, àìsàn wà nínú eruku ẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́, bo imú, fi omi apakòkòrò rin ín gbingbin, dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó o tó fi tíṣù kó o.

Ó ku kápẹ́ẹ̀tì ẹ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kó sí i. Wọ́n á tún hítà ṣe, wọ́n á fọ kọ́ìlì, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn òórùn á tún padà, wọ́n á ní mẹkáníìkì ò mọṣẹ́. Ohun tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni wọn ò wò. Tìmùtìmù kan tó nípọn wà níbẹ̀, ó ń mu omi bíi kànìnkànìn, òkè lè gbẹ kí ìsàlẹ̀ ṣì máa ṣàn. Tú ìjókòó pasẹ́ńjà, àmọ́ yọ bátìrì kó o tó fọwọ́ kan wáyà èyíkéyìí lábẹ́ ìjókòó, torí wáyà báàgì atẹ́gùn tó máa ń wú jáde tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan máa ń wà níbẹ̀, tí kò bá dá ẹ lójú jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ẹ tú u. Ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, fi ọwọ́ fún tìmùtìmù náà kó o wo ohun tó máa jáde. Tó bá jẹ́ kúláǹtì, fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta títí kò fi ní yọ̀ mọ́, torí kúláǹtì kì í gbẹ lọ bí omi. Sá a sóòrùn, gbé e nàró kí omi lè ṣàn sísàlẹ̀, ó lè gbà tó ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kó o tó dá a padà, fi tíṣù funfun míì tẹ àárín ẹ̀ gan-an, tó bá ṣì tutù díẹ̀, fi sílẹ̀ di ọ̀la.